Olóyè Adépọ̀jù àti Omi Wúrà Lótò

Bí Olóyè Adébánjí Adépọ̀jù bá wúkọ́ nínú ọ́fíìsì rẹ̀, èèyàn mẹ́ta ló máa ń kí i ní pẹ̀lẹ́ kí ikọ́ náà tó jáde tán. Bó bá sín, wọ́n á pàtẹ́wọ́. Lọ́jọ́ kan tó ṣèèṣì sùn lọ lórí àga níbi tí ìpàdé gbé ń lọ lọ́wọ́, akọ̀wé rẹ̀ tó ń jẹ́ Sámúẹ́lì gbé ìka lé ètè, ó sọ fún gbogbo ilé pé, "Ẹ rọra o. Ọ̀gá ń ronú nípa ìlú." Ìrònú ọ̀hún jinlẹ̀ débi pé ó ń hanrun.

Omi ni iṣẹ́ ọkùnrin yìí. Òun ni adelé alága Àjọ Omi Dídára, àjọ tó ń mójú tó omi tí àwọn ará Mowé, Ìbàfò àti Ìfọ̀ ń mu. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ má wulẹ̀ wá àjọ náà lọ sí Abẹ́òkúta, inú ìtàn yìí nìkan ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí ẹni tó jọ Adépọ̀jù níbì kan, ẹ má bi mí léèrè, ẹni tó yàn án sípò ni kí ẹ bi.

Ohun kan ṣoṣo ló ń dun olóyè wa láyé: ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, "adelé". Bí wọ́n bá ti pè é síwájú orúkọ rẹ̀, ńṣe ló máa ń dà bíi pé wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un nídìí. Ó fẹ́ di alága pátápátá, alága tí ẹnikẹ́ni ò ní lè sọ fún pé kó dìde. Ìyáàfin Kọmíṣọ́nnà tí àjọ náà wà lábẹ́ rẹ̀ sì ti ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá ṣí kànga ẹ̀rọ tuntun tó wà ní Lótò, ní Mowé. Ó ní bí ohun tí òun bá rí níbẹ̀ bá tẹ́ òun lọ́rùn, orí ìdúró lòun yóò ti kéde Adépọ̀jù ní alága. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn ńkọ́? Adépọ̀jù ò bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yẹn. Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ wà fún àwọn tí kò joyè.

Ó yẹ ká mọ bí kànga náà ṣe dé ibi tó wà. Láwàl tó ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ ti rí ibi tó dára lórí òkè lẹ́yìn Lótò, lẹ́bàá agbo ilé Ìyá Sọ̀fíyátù. Ilẹ̀ ibẹ̀ ga, ó mọ́, igi máńgòrò sì wà níbẹ̀ tí èèyàn lè jókòó sábẹ́ rẹ̀ de omi. Adépọ̀jù wá wo ibẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ́ móto tó tó ti ìyàwó tí wọ́n ń gbé lọ sílé ọkọ. Ó bọ́ọ́lẹ̀, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ojú rẹ̀ sì kọ́rẹ́ lọ́wọ́.

"Láwàl, títì márosẹ̀ dà?"

"Ó wà lápá ọ̀hún yẹn, sà. Èèyàn ò lè rí i láti ibí."

"Àwọn tó ń lọ sí Ìbàdàn ńkọ́? Ṣé wọ́n lè rí ibí?"

"Rárá, sà. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń lọ sí Ìbàdàn kọ́ ló fẹ́ mu omi ọ̀hún, sà."

Sámúẹ́lì gbá ọwọ́ mọ́ra. "Láwàl! Olóyè ń sọ̀rọ̀ ìdàgbàsókè, ìwọ ń sọ̀rọ̀ mímu!"

Bí wọ́n ṣe gbé kànga kúrò lórí òkè nìyẹn, tí wọ́n gbé e wá sí ẹ̀gbẹ́ títì, níbi tí kò sí arìnrìn-àjò tí yóò kọjá tí kò ní rí orúkọ olóyè lára táǹkì. Ibi tí Adépọ̀jù nàka sí gan-an, ẹ̀yìn páàkì ọkọ̀ ni. Nǹkan kan ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Láwàl họ orí, ó tún họ ọ́.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú o. Ilé ìyàgbẹ́ páàkì rèé. Kòtò tí ẹ̀gbin rẹ̀ ń ṣàn sí, abẹ́ ẹsẹ̀ yín níbẹ̀ yẹn ló wà, sà."

Ẹ má rò pé Láwàl gbọ́n ju ẹlòmíràn lọ o. Imú ló ní, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ lọ́jọ́ náà. Adépọ̀jù sún ẹsẹ̀ kúrò díẹ̀, ó wá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín gígùn tí àwọn olóyè máa ń rín bí ẹni tí kò joyè bá sọ̀rọ̀.

"Láwàl, lábẹ́ ilẹ̀ lọ́hùn-ún, omi mọ àyè rẹ̀, ìgbẹ́ mọ àyè rẹ̀. Kò sí èyí tó máa kọjá àyè rẹ̀ lábẹ́ ìṣàkóso tèmi."

Sámúẹ́lì pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta á. Láwàl gbẹ́ kànga. Wọ́n gbé táǹkì lé orí irin gíga, wọ́n kùn ún ní búlúù, wọ́n sì kọ ADÉPỌ̀JÙ OLÓMI AYÉ sí i lára. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ga ju Sámúẹ́lì lọ. Ẹnu ẹ̀rọ tí omi ń gbà jáde kéré ní tirẹ̀, nítorí ọ̀dà ló jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú owó iṣẹ́.

Kí ọjọ́ ìṣíde tó pé, wọ́n ṣí ẹ̀rọ náà fún àdúgbò kí wọ́n lè dán an wò. Ẹni tó kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan ti ṣe ni Nùsírátù, obìnrin onídìrí tó ti Ìsẹ́yìn wá háyà yàrá kan àti ṣọ́ọ̀bù kan ní Lótò. Ó fi omi tuntun náà fọ irun oníbàárà rẹ̀ kan. Obìnrin náà gbé orí sókè nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó ní, "Àǹtí Nùsírátù, ta ló ṣu sítòsí ibí?" Kò sí ẹni tó ṣu. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kejì, Hanifah ọmọ Nùsírátù ti ń sáré lọ sẹ́yìnkùlé, lẹ́yìn rẹ̀ ni ọmọ àwọn ará yàrá kejì, lẹ́yìn wọn ni lánlọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀, àgbàlagbà tí ẹnikẹ́ni ò rí i kó sáré rí. Oògùn ìgbẹ́ gbuuru tán ní kẹ́mísì.

Nùsírátù kó àwọn obìnrin àdúgbò jọ, wọ́n bu omi sínú ìgò funfun, ó di ọ́fíìsì olóyè. Ó bínú, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ilé ò jẹ́ kó gbàgbé orúnkún rẹ̀. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo omi yín, sà."

Adépọ̀jù gba ìgò náà. Ó mú jígí dúdú nínú àpò, ó gbé e sójú, ó gbé ìgò sókè síbi fèrèsé.

"Ó mọ́," ó wí.

"Sà, ẹ bọ́ jígí yẹn ná, sà."

"Obìnrin yìí!" Sámúẹ́lì jágbe. "Ṣé ojú olóyè lo fẹ́ fi wé tìẹ?"

Adépọ̀jù bọ́ jígí, nítorí ọkàn rẹ̀ tóbi. Omi náà pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ nínú ìgò. Ó wò ó, ó mí kanlẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí Ọlọ́run ṣí nǹkan payá fún. "Àwọ̀ wúrà! Ìlú wo lẹ ti gbọ́ rí tí àwọn ará ibẹ̀ ń pọn omi wúrà lọ́fẹ̀ẹ́? Ní Ìbàfò wọ́n ń pọn funfun. Ní Ìfọ̀ wọ́n ń pọn funfun. Ẹ̀yin nìkan la ṣe é fún."

"Ó ń rùn, sà."

"Òórùn ìdàgbàsókè ni. Imú yín ò tíì mọ̀ ọ́n ni."

"Ọmọ mi ń ṣu, sà! Hanifah ò lè lọ sílé ìwé. Ojú ẹ̀ ti wọnú. Gbogbo àdúgbò ló ń ṣu."

"Inú wọn ń fọ̀ ni. Ìdọ̀tí tó ti wà níbẹ̀ látọjọ́ pípẹ́ ló ń jáde. Ọpẹ́ ló yẹ kí ẹ wá dá."

Omi lé ròrò sí Nùsírátù lójú. Ohun tó dùn ún jù ni pé ọkùnrin náà ò tilẹ̀ bínú sí i. Ńṣe ló ń rẹ́rìn-ín sí i bí ẹni ń tu ọmọdé nínú. Ó dìde, ó gbọn orúnkún rẹ̀. "Ó dáa, sà. A ó máa sè é ká tó mu ún nígbà yẹn."

Ìgbà yẹn ni Adépọ̀jù tó bínú. Sè é kẹ̀? Kí wọ́n gbé omi tí orúkọ òun wà lára táǹkì rẹ̀ kaná, bí ìgbà tí wọ́n ń se ewé nítorí ibà? Bí Kọmíṣọ́nnà bá dé, tó rí ìkòkò omi tó ń hó lójúlé kọ̀ọ̀kan, kí ni yóò rò? Kí ọjọ́ náà tó lọ, àṣẹ ti jáde: ẹnikẹ́ni ní Lótò tó bá se omi Àjọ kó tó mu ún, ó ti fẹ̀sùn kan ìjọba.

Àṣẹ yìí bí wàhálà lọ́jọ́ kejì. Sámúẹ́lì ló kọ́kọ́ rí i. "Sà, ẹ̀bà ńkọ́? Omi ẹ̀bà gbọ́dọ̀ hó, sà." Olóyè ronú (ojú rẹ̀ là sílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí), ó sì tún àṣẹ ṣe: omi ẹ̀bà lè hó, omi mímu ò gbọdọ̀ hó. Wọ́n wá yan àwọn tí yóò máa wọ ilé ìdáná lọ béèrè lọ́wọ́ ìkòkò ohun tó ń hó fún. Ẹ máa gbọ́ wọn lójúlé gbogbo: "Màmá, omi ẹ̀bà ni tàbí omi mímu?" "Omi ẹ̀bà ni." "Gàárì ẹ dà?" Obìnrin á gbé gàárì jáde. Gàárì kan ṣoṣo yẹn, ó yí gbogbo òpópónà po. Wọ́n ń gbé e gba orí ògiri fún ara wọn kí àwọn olùbẹ̀wò tó yà, títí ọ̀kan nínú wọn fi sọ pé òun ti mọ abọ́ yẹn lójú.

Ẹ jẹ́ ká dá olóyè dúró níhìn-ín ká béèrè ọ̀rọ̀ kan. Ṣé kò mọ̀ pé omi náà ò dára ni? Ó mọ̀. Ó mọ̀ dáadáa. Nínú ọ́fíìsì rẹ̀, omi onígò tí wọ́n kó wá láti òkè òkun ló ń mu; nílé, òun ló fi ń fọ eyín. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Kọmíṣọ́nnà sọ pé kí wọ́n fi omi Lótò ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò, Adépọ̀jù ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ó da omi onígò rẹ̀ sínú ike, ó sì fi ránṣẹ́. Èsì àyẹ̀wò sọ pé omi náà dára lọ́pọ̀lọpọ̀. Sámúẹ́lì ka èsì náà sókè létí gbogbo òṣìṣẹ́, Adépọ̀jù sì fi áńkáṣíìfù nu ojú rẹ̀ bí ẹni tí ayọ̀ fẹ́ pa lẹ́kún. Ẹni tí omi rẹ̀ bá dá lójú kì í lọ yá ti ẹlòmíràn.

Ọjọ́ ìṣíde wá kù sí dẹ̀dẹ̀. Sámúẹ́lì gbé ètò wá: àga Kọmíṣọ́nnà láàárín, ti olóyè lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, láàárín àwọn àlejò pàtàkì.

"Àlejò?" ni Adépọ̀jù wí. "Sámúẹ́lì, ṣé àlejò ni mí lẹ́nu omi ara mi? Èmi ni onílé. Kọmíṣọ́nnà ni àlejò mi. Fi í sínú ètò pé Olóyè Adépọ̀jù, gẹ́gẹ́ bí onílé, yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé omi fún àlejò rẹ̀."

"Ọgbọ́n yìí pọ̀ jù, sà! Ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ yín!"

Ìṣòro méjì ló kù. Àkọ́kọ́ ni omi, ìyẹn sì rọrùn: Sámúẹ́lì yóò gbé omi onígò sínú jọ́ọ̀gì fàdákà, yóò fi léèsì funfun bò ó, ibẹ̀ ni wọ́n á ti bù fún Kọmíṣọ́nnà. Ìkejì ni ilé ìyàgbẹ́, tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì bí ọ̀rẹ́ méjì. Wọ́n ya bánà ńlá kan tó ní àwòrán olóyè, ẹ̀rín lẹ́nu, ọwọ́ kan lókè, wọ́n sì ta á dí iwájú ilé ìyàgbẹ́ náà láti òrùlé délẹ̀. Lọ́fíńdà odidi ìgò kan ni wọ́n fọ́n sí i.

Ọjọ́ pé. Wọ́n ta kánópì, ilé ìwé kọ orin, gbogbo Lótò jáde, kódà àwọn tí ara wọn ò tíì yá. Kọmíṣọ́nnà dé, obìnrin tó pẹ́lẹ́ńgẹ́, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Adépọ̀jù jẹ mọ́ínmọ́ín méjì nídìí kánópì kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀, Sámúẹ́lì sì gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

"Adépọ̀jù! Ọkọ omi! Baba òjò! Ẹ̀gbọ́n odò, àbúrò òkun! Ẹni tí ìrì ń tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó sẹ̀! Bí kì í bá ṣe tiyín, ẹja ì bá máa fi ẹsẹ̀ rìn ní Mowé!"

Adépọ̀jù dìde, agbádá rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Ó dúró kí àtẹ́wọ́ lè wálẹ̀; nígbà tí àtẹ́wọ́ náà ò sì tètè gòkè, ó dúró kó kọ́kọ́ gòkè ná.

"Ìyáàfin Kọmíṣọ́nnà, ẹ̀yin ọmọ mi. Kí n tó dé, kí ni omi? Omi ò já mọ́ nǹkan kan. Ó kàn ń ṣàn kiri bí ọmọ tí kò ní bàbá. Èmi ni mo mú omi, tí mo fún un nílé. Èmi ni mo kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́. Lónìí, bí ẹ bá pe omi ní Lótò, ó ń jẹ́ yín!"

Sámúẹ́lì sunkún. Adépọ̀jù wá na ọwọ́, kí wọ́n gbé jọ́ọ̀gì wá.

Ìyá Sọ̀fíyátù dìde níwájú. Òun ni obìnrin tó dàgbà jù ní ìdílé tó ni ilẹ̀ náà kí wọ́n tó la títì márosẹ̀, nígbà tí ọjà àti oko nìkan ló wà níbẹ̀. Ohùn rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bó bá ń sọ̀rọ̀.

"Ẹ gbé ìyẹn sílẹ̀ ná. Ẹ̀rọ la fẹ́ ṣí, kì í ṣe jọ́ọ̀gì. Ẹ jẹ́ ká rí i kó ti ẹnu ẹ̀rọ jáde."

"Òótọ́ ni màmá sọ," ni Kọmíṣọ́nnà wí.

Ìyá àgbà mú abọ́ funfun kan tó mọ́ tónítóní, ó rìn lọ sídìí ẹ̀rọ, ó ṣí i. Ẹ̀rọ kọ́kọ́ wúkọ́, ó hó yèè, omi wá dà. Ó pọ́n. Abọ́ funfun náà sì wá tún jẹ́ kó pọ́n sí i. Ìyá àgbà gbé e fún Adépọ̀jù lọ́wọ́ méjèèjì, Adépọ̀jù gbà á, ẹ̀rín ò kúrò lẹ́nu rẹ̀, ó sì yí i sọ́dọ̀ Kọmíṣọ́nnà wéré bí ẹni tí iná jó lọ́wọ́.

"Ẹ gbà, Ìyáàfin. Omi wúrà."

"Ọmọ mi, dúró ná," ni Ìyá Sọ̀fíyátù wí. "Ta ni onílé níbí?"

"Èmi ni, màmá." Ó sọ ọ́ sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó sì fà á gùn.

"Ta ni àlejò?"

"Ìyáàfin Kọmíṣọ́nnà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ wa pé ẹni tó bá gbé omi fún àlejò, òun ni yóò kọ́kọ́ mu níbẹ̀, kí ọkàn àlejò lè balẹ̀. Ṣé wọn kì í ṣe é nílé bàbá tìẹ ni?"

Wọ́n ń ṣe é nílé bàbá rẹ̀. Wọ́n ń ṣe é nílé bàbá gbogbo wa. Adépọ̀jù fúnra rẹ̀ ti gbé omi fún àlejò lọ́mọdé, tó kọ́kọ́ mu díẹ̀, tó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu kó tó kúnlẹ̀ gbé e fún wọn. Ó ti pẹ́ tí ẹlòmíràn ti ń gbé omi fún òun ni, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi fò ó. Òun ló pe ara rẹ̀ ní onílé. Kò sí ẹni tó fi ipá mú un.

"Màmá," ó wí pẹ̀lẹ́, "mo ń gbààwẹ̀ ni."

"Ààwẹ̀ bíi ti báwo?" Ohùn Nùsírátù ló jáde láti àárín èrò, ó gbé Hanifah sẹ́yìn. "Mọ́ínmọ́ín tó wà nírùngbọ̀n yín yẹn ńkọ́, sà?"

Ọwọ́ Adépọ̀jù fò lọ sí àgbọ̀n. Ó wà níbẹ̀, ẹyin díẹ̀ sì tún wà lára rẹ̀. Èrò bú sẹ́rìn-ín. Ó yíjú wá ẹnì kan tí kì í já a kulẹ̀.

"Sámúẹ́lì! Wá ṣojú mi. Mu díẹ̀ lórúkọ mi."

Ẹ wo Sámúẹ́lì! Ọkùnrin tó ti pọ́n ikọ́ lé, tó ti pọ́n ìhanrun lé, ó wo abọ́ náà, ó gbóòórùn rẹ̀, ojú rẹ̀ sì wá là kedere. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú erùpẹ̀.

"Ha, sà! Ta ni mo jẹ́? Kí ẹnu tèmi kan omi kí ẹnu olóyè tó kàn án? Èèwọ̀ ni, sà!"

Èrò pàtẹ́wọ́ fún ìrẹ̀lẹ̀ rẹ̀.

"Olóyè," ni Kọmíṣọ́nnà wí, "mò ń dúró o. Mo ní ìkéde kan tí mo fẹ́ ṣe."

Ìkéde! Adépọ̀jù rí ọ̀rọ̀ náà "adelé", bó ṣe fẹ́ já kúrò lára orúkọ rẹ̀ bí èso tó pọ́n. Ó dijú. Ó gbé abọ́ sẹ́nu. Ó gbé e mì, gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó sì mu ún tán pátápátá, nítorí ìgbéraga kì í ṣe nǹkan ní ìdajì. Ó la ojú, ó tún rẹ́rìn-ín.

"Ẹ rí i? Ó… ó dùn. Omi yìí…" Ó dúró. Láwàl wà níwájú rẹ̀ lápá òsì, ó sì rántí ohun tí Láwàl sọ. Ó rántí kòtò náà. Ó rántí òórùn ọjọ́ yẹn, àti ibi tí ẹsẹ̀ òun wà. "Omi yìí mọ́ bí… bí…" Inú rẹ̀ dáhùn fún un. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn wà nítòsí ibẹ̀, ó sì gbé ìdáhùn náà dé títì. "Ní ìparí," ni Adépọ̀jù wí, òógùn bò ó, "ní ìparí ọ̀rọ̀ mi…"

Kò parí rẹ̀. Ó ká agbádá lọ́wọ́ méjèèjì, ó sì ki eré mọ́lẹ̀.

Nọ́ọ̀sì kan tó wà níbẹ̀ sọ fún mi lẹ́yìn náà pé omi àìmọ́ kì í yára tó bẹ́ẹ̀, pé ó máa ń gba ọ̀pọ̀ wákàtí, kódà ó lè di ọjọ́ kejì. Ó ní kì í ṣe omi ló lé olóyè lọ́jọ́ yẹn, ohun tí olóyè mọ̀ nípa omi náà ló lé e. Èmi gbà á gbọ́.

Ibo ni yóò sá sí? Ibì kan ṣoṣo ló wà. Ó sá lọ tààrà síwájú àwòrán ara rẹ̀, ó wá ẹnu ọ̀nà, kò rí i, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló pàṣẹ pé kí wọ́n dí i pa. Ó fi orí já bánà náà. Ó já a láàárín eyín iwájú méjèèjì, ó wọlé, aṣọ náà sì ya láti ẹ̀rín délẹ̀, ó wó lulẹ̀. Ilé ìyàgbẹ́ páàkì wá fara hàn gbangba, pẹ̀lú ilẹ̀kùn rẹ̀ tó ń gbọ̀n, àti òórùn tí lọ́fíńdà ti ń bò mọ́lẹ̀ láti àárọ̀.

Kọmíṣọ́nnà wo ilé ìyàgbẹ́. Ó wo táǹkì. Ó tún wo ilé ìyàgbẹ́. Ó sún mọ́ ọn, ó na ọwọ́ kan kan irin táǹkì, ó na ìkejì, díẹ̀ ló kù kó kan ògiri.

"Ta ló ní kí wọ́n gbẹ́ kànga síbí?"

"Ọ̀gá ni, mà," ni Láwàl wí. "A ti rí ibì kan lórí òkè lẹ́bàá ilé màmá. Wọ́n ní àwọn tó ń lọ sí Ìbàdàn ò ní rí orúkọ àwọn níbẹ̀."

"Àyẹ̀wò tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa ńkọ́?"

Nùsírátù ló rìn lọ sídìí jọ́ọ̀gì fàdákà, ó ṣí léèsì orí rẹ̀, ó bù ú sínú ọ̀kan nínú ìgò méjì tó mú wá látilé, ó bu ti ẹnu ẹ̀rọ sínú ìkejì, ó sì gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọ̀kan funfun nini, ìkejì wúrà. Kọmíṣọ́nnà wò wọ́n, kò béèrè nǹkan mọ́. Ó fọwọ́ kan Hanifah lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó bi í bóyá inú ṣì ń run ún. Ọmọ náà mirí pé bẹ́ẹ̀ ni. Inú Kọmíṣọ́nnà bàjẹ́, ó sì hàn lójú rẹ̀. Ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ Sámúẹ́lì.

"Ẹ ti ẹ̀rọ yìí pa báyìí. Àwa la máa gbé omi tó mọ́ wá fún yín títí Láwàl yóò fi gbẹ́ òmíràn sórí òkè, lẹ́bàá ilé màmá, wọn ò sì ní kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí i. Èyí tẹ́ ẹ bá ní nílé, ẹ sè é kí ẹ tó mu ún, kò sẹ́ni tó máa bi yín nípa gàárì. Ìkejì, ìkéde tí mo ní: láti òní lọ, Olóyè Adépọ̀jù kì í ṣe alága, kì í sì í ṣe adelé mọ́."

Àtẹ́wọ́ sọ. Kánópì mì. Àwọn awakọ̀ páàkì fọn fèrè, àwọn obìnrin ju kẹ́ẹ̀gì sókè, Ìyá Sọ̀fíyátù jó díẹ̀ lórí ìdúró, lánlọ́ọ̀dù Nùsírátù sì tún sáré, ti ayọ̀ ni lọ́tẹ̀ yìí.

Nínú ilé ìyàgbẹ́, Adépọ̀jù gbọ́ ariwo náà láì gbọ́ ọ̀rọ̀ tó ṣáájú rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó mọ̀ pé àwọn èèyàn òun ò lè fi òun sílẹ̀. Ó kan ilẹ̀kùn láti inú.

"Sámúẹ́lì! Ṣé o wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbí, sà." Sámúẹ́lì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi imú pamọ́ sínú apá rẹ̀.

"Àtẹ́wọ́ yẹn pọ̀ o. Ṣé èmi ni wọ́n ń pa á fún?"

Sámúẹ́lì ronú. Kò fẹ́ purọ́ fún ọ̀gá rẹ̀ lọ́jọ́ ìkẹyìn.

"Ẹ̀yin ni, sà. Wọ́n ti yọ yín."